Òṣùká kan, orí méjì: bí o ṣe lè fi fọ́tò àtijọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà nípa àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ó lọ sí ogun Bọ́mà

Ẹni tí ó bá ti gbé Èkó rí á ti gbọ́ Dodan Barracks, á sì ti gbọ́ Arakan Barracks ní Àpápá. Ẹni tí ó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá ní Ìbàdàn á mọ Letmauk. Bi wọ́n léèrè ibi tí orúkọ wọ̀nyí ti wá, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ni gbogbo wọn ti wá. Ibẹ̀ ni àwọn sójà wa ti jà nígbà ogun Hitler. A gbé orúkọ ojú ogun wálé, a kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà bárékè, a sì gbàgbé àwọn tí ó jà níbẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àwọn ènìyàn náà kò sọnù tán. Wọ́n wà lára ògiri pálọ̀, nínú férémù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, tí a fi ìwé ìròyìn wé. Ọmọ-ọmọ wọn mọ̀ pé "Bàbá lọ sí Bọ́mà", ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ ni mo kọ èyí fún: ayàwòrán, afọ́tò, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, tàbí ọmọ ilé lásán tí ó ní fóònù àti sùúrù.

Oríṣi fọ́tò méjì ni wàá bá pàdé. Ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ ojú ogun, kò mọ orúkọ. Ti ilé wa mọ orúkọ, kò mọ ojú ogun. Iṣẹ́ rẹ ni láti rán méjèèjì pọ̀, kí ojú rírán náà sì hàn sí ẹni tí ó ń wò ó. Bí o bá fi ojú rírán pamọ́, irọ́ ni o ń pa, bó ti wù kí irọ́ náà rẹwà tó.

1. Yan ogun kan àti ènìyàn díẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo bá sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fẹ́ ṣe Ìmàgbọn, ogun 1892 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim bá wa jà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọgbẹ́ náà ṣì ń ta wá. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí àpótí ìyá àgbà kan tí fọ́tò Ìmàgbọn wà nínú rẹ̀. Ti Bọ́mà yàtọ̀. Fọ́tò wà, ọmọ àwọn sójà náà sì ṣì wà láyé tí a lè bi léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ti darúgbó. Yára bẹ̀rẹ̀.

Mọ ìwọ̀nba ìtàn yìí kí o tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n ti kó sójà jọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, Division 81 àti Division 82. Division 81 wọ àfonífojì Kaladan ní ìparí 1943 sí 1944. Kò sí títì níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ló sì ń rù ú wọ inú igbó. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹrù rírù pọ̀ láàárín wọn. Àmì Division 81 ni aláǹtakùn dúdú. Àmì Division 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó kọjá lára wọn gba inú òṣùká.

Òṣùká! Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, mo jókòó sílẹ̀. Òṣùká tí ìyá wa ká sórí láti gbé gàrí lọ sọ́jà ni wọ́n sọ di àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Ogun náà sì wà nílé. Lọ́dún 1941 sókè, ìjọba fi òfin de iye tí wọ́n lè ta oúnjẹ l'Ékòó, ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Pullen ló ń darí ètò náà. Gàrí wà lára ohun tí òfin náà mú, gàrí Ìjẹ̀bú sì wà lára ohun tí Èkó ń jẹ. Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà tí ó ṣáájú kọ̀ fún Pullen gbọnrangandan. Nítorí náà, bí o bá ń wá ìtàn ogun, má wá sójà nìkan. Ìyá tó ń gbé gàrí àti ọmọ tó ń gbé àpótí ọta ìbọn, òṣùká kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Orí òṣùká yìí ni mo gbé àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí n óò ṣàlàyé nísàlẹ̀ kà.

2. Wọ ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rere

Má gbé kámẹ́rà jáde kí o tó jókòó. Kí wọn bó ti yẹ, kí o dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, kí o sì múra sílẹ̀ fún ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí kò sí àgbàlagbà Ìjẹ̀bú tí kò ní bi ọ́:

"Ọmọ ilé wo ni ẹ́?"

Dáhùn dáadáa. Ìdáhùn yìí ló ń ṣí àpótí. Bí o kì í bá ṣe ọmọ ìlú náà, mú ẹnìkan tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ dání.

Fi ẹnu fọ́tò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, má fi ẹnu ogun bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní, "Màmá, ẹ sọ nípa ogun Bọ́mà fún wa," wọ́n á ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí o bá nawọ́ sí ògiri, tí o ní, "Màmá, ta nìyí?" ó di pé, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Kó tó lọ ni wọ́n yà á. Bàtà yẹn kì í ṣe tiẹ̀, ó yá a ni." Bàtà tí ó yá yẹn níye lórí ju ìtàn ogun odidi wákàtí kan lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbà kí o gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ó dára; tí wọn ò bá gbà, fi etí àti bírò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Ilé olórogún ni ọ̀pọ̀ ilé wa. Tí ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ bá fọwọ́ sí i pé kí o lo fọ́tò Bàbá, ọmọ ìyàwó kẹta lè dé láti Ìbàdàn kó ní ta ló fún ọ. Bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, kí o sì jẹ́ kí ọmọ láti ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan gbọ́ sí i. Kọ ọ́ sórí ìwé, ojú ewé kan péré: ohun tí o fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe, ibi tí wàá ti gbé e hàn, bóyá wàá tà á, àti pé fọ́tò gidi kò ní kúrò nílé wọn.

3. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú ilé wọn

Gbé síkánà lọ bá fọ́tò, má gbé fọ́tò lọ bá síkánà. Ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí o sì di etí fọ́tò mú. Ṣe ẹ̀dà ní 600 dpi. Bí ó bá jẹ́ ti pásípọ́ọ̀tù, 1200. Fi í pamọ́ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní TIFF, kí ẹ̀dà mẹ́ta wà ní ibi mẹ́ta. Ṣe ẹ̀dà ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ afọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ máa ń wà. Bí fóònù nìkan lo ní, tẹ́ fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pa fúláàṣì, kí fóònù àti fọ́tò wà ní ìdọ́gba.

Fọ́tò tí ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, má ṣí i. Mo ti ṣí ọ̀kan rí, ojú ẹni náà ló bá gíláàsì lọ. N kò ní gbàgbé bí onílé ṣe dákẹ́. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tòun ti gíláàsì.

Bí o bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò fún wọn, pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí o lò, kì í ṣe bírò. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

4. Jẹ́ kí fọ́tò sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ fọ́tò sójà tó wà nílé wa, ilé afọ́tò ni wọ́n ti yà á, pẹ̀lú aṣọ tí a kun sẹ́yìn, kí ọkùnrin náà tó lọ tàbí nígbà tó dé. Wo fìlà: èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n ká etí kan sókè, ni àwọn sójà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé ní Bọ́mà. Wo apá aṣọ fún aláǹtakùn tàbí òṣùká. Wo igbáàyà òsì: Burma Star, mẹ́dáàlì ogun Bọ́mà, jẹ́ ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, okùn rẹ̀ ní pupa láàárín, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà ọsàn kan nínú búlúù kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò dúdú-funfun kò ní fi àwọ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìlà á hàn.

Bí ó bá jẹ́ fọ́tò àwọn ènìyàn púpọ̀, gbé e lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn tàbí ọmọ wọn. Ìjẹ̀bú ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹni tí kò rántí ọdún á rántí rẹ́gbẹ́ tí bàbá rẹ̀ wà, àti aṣọ tí wọ́n dá. Bi wọ́n ní ẹyọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ta ló dúró lápá ọ̀tún? ta ni kò padà wálé? Ìbéèrè kejì yẹn, rọra bi í.

5. Wá apá kejì

Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní fọ́tò púpọ̀ tí àwọn afọ́tò ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yà. Wá "West African Division", "Nigeria Regiment", "Kaladan" tàbí "Arakan" lórí ìkànnì wọn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IND tàbí SE ni kí o fojú sí. National Archives ní Kew ní àkójọ fọ́tò ilẹ̀ àmúnisìn, CO 1069 àti INF 10. Wàá rí i pé ọ̀gá aláwọ̀ funfun inú fọ́tò ní orúkọ àti oyè, àwọn tó yí i ká á sì jẹ́ "sójà Nàìjíríà" lásán. Má bínú ju bó ti yẹ lọ. Lo ìbínú náà nínú iṣẹ́.

Fún àwọn tí kò padà, lọ sí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn tó kú sógun. Orúkọ àwọn tí a kò mọ sàréè wọn, tí ó tó 27,000, ló wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan. Àṣà àwọn akọ̀wé ọmọ ogun ni láti kọ orúkọ kan fún sójà, kí wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, má wá orúkọ ìdílé nìkan. Wá "Ijebu", "Jebu", "Remo", "Shagamu", "Ode". Kọ orúkọ náà ní oríṣi ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbà kọ ọ́.

Ìwé tí ó kan ilé ńkọ́? National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì ìgbèríko Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń pè ní Ije Prof. Ìwé ló pọ̀ níbẹ̀ ju fọ́tò lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí ará ìlú kọ sí ọ̀gá ìjọba ní ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀, òǹtẹ̀ àti àmì ìka. Ojú ènìyàn ni wọ́n jẹ́ fún mi. Mú lẹ́tà ìdánimọ̀ dání, kí o sì bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ẹ̀dà.

Ọ̀rọ̀ òfin, kíá: fọ́tò tí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà ṣáájú June 1957 ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ lẹ́yìn ọdún 50. Síbẹ̀ ilé tó tọ́jú rẹ̀ lè ní ìlànà tirẹ̀ lórí ẹ̀dà tó dára, pàápàá tí o bá fẹ́ tà. Ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà.

6. Iṣẹ́ gan-an: fọ́tò lára aṣọ, aṣọ di òṣùká

Ọ̀nà pọ̀. Kelani Abass, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi fọ́tò ẹbí àti irinṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe iṣẹ́ tó lórúkọ. Èyí tí n óò ṣàlàyé ni cyanotype, ọ̀nà títẹ fọ́tò ní àwọ̀ búlúù, nítorí pé oòrùn ló ń ṣe é, oòrùn ò sì wọ́n wa, àti nítorí pé búlúù rẹ̀ jọ ti aró ẹlú débi pé àwọn ìyá aláṣọ máa ń bi mí ta ló rẹ ẹ́.

Aṣọ òwú funfun ni kí o lò. Aṣọ rọ́bà kò ní gbà á. Yáàdì kan àbọ̀ tó fún òṣùká kan. Fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì kúrò, kí o sì lọ̀ ọ́.

Kẹ́míkà méjì ni wàá pò: gíráàmù 25 ferric ammonium citrate aláwọ̀ ewé nínú mílílítà 100 omi. Gíráàmù 10 potassium ferricyanide nínú mílílítà 100 omi mìíràn. Inú ìgò dúdú méjì ni wọn á máa gbé. Nígbà tí o bá fẹ́ lò ó, da ìwọ̀n kan náà pọ̀ nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì kun aṣọ, kí o sá a sínú òkùnkùn títí á fi gbẹ. Wọ ìbọ̀wọ́. Má lo ìkòkò tàbí ṣíbí ilé ìdáná. Ferricyanide kò gbọdọ̀ pàdé iná tàbí ásíìdì líle, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ rí i.

Lórí kọ̀ǹpútà, yí fọ́tò padà kí dúdú di funfun, funfun di dúdú, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé rọ́bà tí ó mọ́ gaara. Négátífù rẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ lé aṣọ, fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, gbé e síta. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì, ìṣẹ́jú 5 sí 15 máa ń tó. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo oòrùn, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́kọ́ fi ègé aṣọ kékeré dán an wò, kí o máa fi páálí bò ó díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ìyẹn á sọ ìṣẹ́jú tó bá oòrùn ọjọ́ náà mu.

Ohun kan tó ti mú ọ̀pọ̀ wa: négátífù tí a yí sódì. Mẹ́dáàlì máa ń wà ní igbáàyà òsì. Tí tirẹ bá bọ́ sí igbáàyà ọ̀tún ẹni náà lára aṣọ, yí ìwé rọ́bà náà padà.

Fi omi lásán fọ̀ ọ́ títí omi pupa rúsúrúsú kò fi ní jáde mọ́. Sá a sí ibòji. Búlúù rẹ̀ á máa jinlẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọṣẹ dúdú kò gbọdọ̀ kàn án. Eérú inú ọṣẹ náà á jẹ búlúù run, gẹ́gẹ́ bí jííkì náà á ti jẹ ẹ́. Kìlọ̀ fún àwọn ará ilé, nítorí ìyá kan tó fẹ́ràn rẹ ló máa bá ọ fọ̀ ọ́.

Bí o bá fẹ́ kí apá kan di pípọ́n bí ilẹ̀, fi omi washing soda díẹ̀ rẹ ẹ́ títí búlúù á fi ṣá, ṣan án, kí o wá rì í sínú tíì tó dúdú. Torí pé Rẹ́mọ ń ta obì, mo ti fi gbàǹja gígún dán an wò dípò tíì. Àwọ̀ rẹ̀ rọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Wàyí o, rírán. Tẹ fọ́tò ilé sára ìdajì aṣọ kan. Tẹ fọ́tò àwọn aláàárù Kaladan, tàbí lẹ́tà láti inú Ije Prof, sára ìdajì kejì. Rán méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú òwú pupa, kí ojú rírán wà níta. Yí aṣọ náà pọ̀ bí ẹni ń lọ odò, ká a di òṣùká. Ojú á fọ́ sí wẹ́wẹ́: ojú kan níbí, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún, òwú pupa láàárín wọn. Ṣe méjì bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀kan lé orí àpò gàrí, ọ̀kan lé orí àpótí pákó tó tóbi tó àpótí ọta ìbọn. Kí ìga méjèèjì dọ́gba, kí òṣùká wà níbi tí orí ènìyàn ìbá wà.

7. Má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pa irọ́ fún ọ

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn afọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún máa ń ya ìbejì tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi aṣọ yí èyí tó wà láyé padà. Wọ́n máa ń gbìyànjú láti fi ìlà tó wà láàárín pamọ́. Kò burú, nítorí inú ilé ni fọ́tò náà ń gbé, gbogbo ará ilé ló sì mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ. Iṣẹ́ tiwa, àlejò ló máa wò ó. Àlejò ò mọ ohun tí ilé mọ̀.

Nítorí náà, má fi orí bàbá ẹnìkan lé ọrùn sójà mìíràn nínú igbó kí o má sọ fún wa. Ẹ̀rọ tó ń kun àwọ̀ sí fọ́tò á fún mẹ́dáàlì ní àwọ̀ tó wù ú. Èyí tó ń tún ojú ṣe tún burú jù: ó ń ya ojú tuntun ni. Mo ti rí ọmọ kan tó gbé irú rẹ̀ wá, ojú náà dán, ó mọ́, ó rẹwà. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, "Ọmọkùnrin dáadáa ni o. Ta ni?"

8. Ibi tí wàá gbé e sí

Gbọ̀ngàn ìpàtẹ l'Ékòó dára fún orúkọ rẹ. Àwọn tó mọ ojú inú fọ́tò kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà káàkiri ayé ń wálé. Má gbìyànjú láti bá ẹṣin àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ du ojú; wá pálọ̀ tàbí ilé ìpàdé kan tó wà lójú ọ̀nà, kí o ṣí i láti ọjọ́ tó ṣáájú. Fún Rẹ́mọ, January 15, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, bá a mu.

Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́tà ńlá tí àgbà lè kà: orúkọ, ilé, ìlú, ẹni tó sọ ìtàn, ibi tí apá kejì fọ́tò ti wá, àti gbólóhùn yìí: "Ènìyàn inú fọ́tò ti òsì kọ́ ni ti ọ̀tún." Kí ìpàtẹ tó ṣí, gbé ẹ̀dà fọ́tò tó dára nínú férémù tuntun lọ fún ẹbí.

Fi ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù sórí tábìlì lẹ́bàá iṣẹ́ náà, kí ẹnìkan tó lè bá àgbà kọ̀wé jókòó tì í. Bí ẹnìkan bá wọlé tó ní, "Bùọ̀dá Àgbà kọ́ lẹ kọ síbẹ̀ yẹn, àbúrò rẹ̀ ni," má jiyàn. Fún un ní àga, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì ya àkọlé ti àná kúrò lára ògiri kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.